Ẹnu Ni Wàrà Ewúrẹ́ Ti Ń Wá

Púpọ̀ nínú yín ló ń sin ewúrẹ́ méjì mẹ́ta sí ẹ̀yìnkùlé bí èmi náà ti ń ṣe. Ọ̀rọ̀ wọn ni mo mú wá lónìí, àṣìṣe tèmi ni n óo sì fi bẹ̀rẹ̀.

Ewúrẹ́ mi dúdú kan bí ọmọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo ti ń ṣírò owó tí n óo pa lórí wọn kí ara wọn tó gbẹ. Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀kan kú. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, èkejì tẹ̀lé e. Aládùúgbò mi kan tí kò fẹ́ràn ẹran ọ̀sìn ni mo fura sí, n kò sì kí i fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ìyá alákàrà tó ń dáná lẹ́nu ọ̀nà wa ló wá di ọmú ẹran náà mú, tó ní, "Tíṣà, ọmú yìí ṣófo. Kí lẹ ń fún un jẹ?" Mo ní èèpo ẹ̀gẹ́ ni. Ó ní, "Èèpo ẹ̀gẹ́ àti kí ni?" N kò rí èsì fún un.

Èèpo ẹ̀gẹ́ kì í ṣe oúnjẹ burúkú, bí a bá sá a gbẹ dáadáa kí oró inú rẹ̀ lè dínkù. Ó ń fún ẹran lágbára. Ṣùgbọ́n purotéènì, èyí tí ara fi ń ṣe wàrà, kò tó nǹkan nínú rẹ̀. Ìyá ewúrẹ́ tí kò rí nǹkan mìíràn jẹ yóo máa fa ara tirẹ̀ ṣe wàrà fún ọmọ. Bí ara bá sì ti tán, ọmú a gbẹ.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ọjọ́ ìbímọ ti pẹ́ jù láti bẹ̀rẹ̀. Oṣù márùn-ún ni oyún ewúrẹ́. Nínú oṣù kan àbọ̀ tó kẹ́yìn ni ọmọ inú ń dàgbà jù, ìgbà náà gan-an ni ọmú sì ń múra sílẹ̀. Àwọn ọmọ ti gba àyè inú ìyá wọn, kò lè jẹ púpọ̀ mọ́. Nítorí náà ìwọ̀nba tó bá jẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúlówó.

Níbo la ó ti rí i? Èèpo ẹ̀wà tí ìyá alákàrà ń dànù wà níbẹ̀, eèrí ògì sì wà. Ewé àgúnmánìyè tún wà, igi tí à ń fi ṣe ọgbà. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ẹran ọ̀sìn ní Ìbàdàn fi ewé yìí bọ́ ewúrẹ́ wa kúkurú, àwọn ọmọ tí kò kú sì pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí ó rọ díẹ̀ kí ẹ tó fún wọn, torí ẹran tí kò mọ̀ ọ́n rí lè kọ̀ ọ́.

Ẹ má gbàgbé omi. Wàrà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, síbẹ̀ inú agbada ìdọ̀tí ni à ń jẹ́ kí wọ́n ti mu ún!

Àgbàdo ńkọ́? Díẹ̀díẹ̀ ni o. Ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ ni ewúrẹ́, ewé àti koríko ni àpòlúkù rẹ̀ mọ̀, àwọn náà ló sì ń mú wàrà lọ́ràá. Ewúrẹ́ oníṣòwò kan ládùúgbò wa já wọ yàrá àgbàdo lálẹ́ ọjọ́ kan. Ikùn rẹ̀ wú bí ìlù, ilẹ̀ kò mọ́ bá a.

Ẹni tó bá fẹ́ fún wàrà mu, ewúrẹ́ Saanen ti Switzerland lè fún un ní lítà 3 lóòjọ́. Tiwa kò ju ti ọmọ rẹ̀ lọ, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Ewúrẹ́ dúdú mi tún bímọ lẹ́yìn èyí, méjì ni, àwọn méjèèjì sì ń fò lórí ògiri bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Mo lọ bẹ aládùúgbò mi. Ó ní òun kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ń bínú.