Kì í ṣe gbogbo páìpù funfun ni Teflon o

Ẹni tó bá ń fi níkẹ́ẹ̀lì àti kúróòmù dán irin, ìbáà ṣe bọ́ńpà ọkọ̀ tàbí ẹsẹ̀ àga, mọ̀ pé táǹkì ásíìdì kì í fẹ́ tutù jù, bẹ́ẹ̀ ni kì í fẹ́ gbóná jù. Táǹkì níkẹ́ẹ̀lì sábà máa ń fẹ́ ooru bíi 50 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ri páìpù tí wọ́n ká roboto sínú rẹ̀, tí omi gbígbóná ń gba inú páìpù náà kọjá. Ti kúróòmù tún yàtọ̀, nítorí iná mànàmáná tó ń gba inú táǹkì náà lè mú un gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, omi tútù ni wọ́n á sì máa fi rọ̀ ọ́.

Irin ni ọ̀pọ̀ oníléeṣẹ́ kéékèèké fi ń ṣe páìpù yìí, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ásíìdì hydrochloric tí wọ́n fi ń bó ìpẹtà lára irin kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Sitéènlẹ́ẹ̀sì 316 tí àwọn oníṣòwò ń yìn yẹn kò lè dúró níwájú rẹ̀. Titanium lágbára púpọ̀ nínú kúróòmù, àmọ́ tí wọ́n bá ti po fluoride mọ́ ọn, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Bí páìpù bá wá lu nínú táǹkì, ásíìdì á bá omi padà sínú bọ́ílà. Irin tó yọ́ sínú níkẹ́ẹ̀lì á ba iṣẹ́ jẹ́, oníbàárà á dá ọjà padà, owó tí wọ́n rò pé àwọn fi pamọ́ á sì jáde tìlọ́po-tìlọ́po.

Rọ́bà tó lè gba èèyàn lọ́wọ́ èyí ti wà tipẹ́. Lọ́dún 1938 ni Roy Plunkett, tó ń ṣiṣẹ́ fún DuPont ní Amẹ́ríkà, ṣàdédé rí PTFE, èyí tí ayé ń pè ní Teflon, tí wọ́n ń fi bo páànù ìdíǹyin. Lẹ́yìn rẹ̀ làwọn ìbátan rẹ̀ dé: FEP, PFA, PVDF. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pè wọ́n lọ́jà, ṣùgbọ́n ìwà wọn ò dọ́gba rárá. PTFE àti PFA lè fara da ooru tó tó 260, FEP kò kọjá nǹkan bíi 200, PVDF ò ju 150 lọ, sóódà gbígbóná sì máa ń mú PVDF sán. Wọ́n lè fi iná jó PFA àti FEP pọ̀ mọ́ra, PTFE kì í yọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó kàn sọ fún oníṣòwò pé “Teflon ni mo fẹ́” kò tíì sọ nǹkan kan.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù lọ ni ti gígùn. Rọ́bà yìí kì í tètè jẹ́ kí ooru kọjá. Nínú ìṣirò àwọn ẹnjiníà, nǹkan bíi 16 ni agbára sitéènlẹ́ẹ̀sì láti gbé ooru kọjá, ti PTFE kò ju 0.25 lọ. Ẹni tó bá yọ mítà mẹ́wàá irin, tó fi mítà mẹ́wàá rọ́bà rọ́pò rẹ̀, á jókòó ti táǹkì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìdí rèé táwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe fi máa ń di ọ̀pọ̀ páìpù tẹ́ẹ́rẹ́, tí ara wọn fẹ́lẹ́, pọ̀ bí ìdì ìgbálẹ̀. Ara tó fẹ́lẹ́ náà ní ewu tiẹ̀ o: bí ooru bá ṣe ń lọ sókè ni agbára rẹ̀ láti gba títì omi ń dínkù. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páìpù fún omi tútù kì í ṣe ti omi gbígbóná.

Ọ̀rọ̀ ayédèrú ńkọ́? Àwọn kan máa ń ṣáná sí rọ́bà láti mọ irú èyí tó jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má dán an wò pẹ̀lú eléyìí! Èéfín Teflon tó jóná máa ń fa ibà, ó sì léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Omi ni kí wọ́n lò. Kí wọ́n la ègé kan sí méjì kí afẹ́fẹ́ má bàa wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ sómi. Tó bá léfòó, rọ́bà ike lásán ni. Rírì nìkan kò tó ṣá, PVC náà ń rì. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n: PTFE, FEP àti PFA wúwo ju ìlọ́po méjì omi tó bá wọn dọ́gba lọ.

Kí wọ́n tún béèrè ìwé tó sọ iléeṣẹ́ tó ṣe rọ́bà náà gan-an. Lóṣù Kejìlá ọdún 2022, 3M, ọ̀kan lára àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ yìí, kéde pé àwọn á jáwọ́ kí ọdún 2025 tó parí. Èyí túmọ̀ sí pé páìpù tí oníbàárà mọ̀ tẹ́lẹ̀ lè máa wá láti ara rọ́bà mìíràn, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún un.

Dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi ₦460 ṣáájú oṣù Kẹfà ọdún 2023 kọjá ₦1,500 lọ́dún 2024. Kí ló wá dé tí ilé ìdánrin márùn-ún tó wà lágbègbè kan náà á fi máa dá ra mítà díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ alágbàtà? Kí wọ́n da owó pọ̀, kí wọ́n ra róòlù odindi, kí wọ́n sì gba àpẹẹrẹ kọ́kọ́ rì sínú táǹkì tiwọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n wọ̀n ọ́n ṣáájú àti lẹ́yìn. Oníṣòwò tó bá ní òun ò lè yọ àpẹẹrẹ sílẹ̀, kó máa gbé ọjà rẹ̀ lọ.