Ẹ Má Fi Ṣéènì Kí Ajá Káàbọ̀

Bí ìdílé kan ní Sùúrùlérè, ní Èkó, bá ń múra àtilọ sí Kánádà tàbí ìlú Ọba, gbogbo ẹrù wọn ló ń rí ẹni gbà á. Fíríìjì á tà, jẹnẹrétọ̀ á tà, àbúrò ìyàwó á wá gbé bẹ́ẹ̀dì. Ajá ló máa ń kù. Wọ́n á fi owó oúnjẹ rẹ̀ lé mégáàdì lọ́wọ́, mégáàdì á rí iṣẹ́ tó sàn ju ìyẹn lọ, ajá á sì di ti títì. Èyí tí orí bá bá ṣe é nínú wọn ń rí ẹni mú un sọ́dọ̀, mo sì ń kí gbogbo ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ wọn máa ń kọ́kọ́ ṣe ni mo fẹ́ bá wí: ṣéènì irin àti àgádágodo lọ́rùn, wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀, wọ́n á ní kó lè mọ ilé ni.

Kò sí ajá tó ń tipa bẹ́ẹ̀ mọ ilé. Ìbẹ̀rù ló ń kọ́.

Télọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Lawanson, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń gbé. Jack ni ajá mi ń jẹ́, ajá ìbílẹ̀ aláwọ̀ iyanrìn. Àwọn ará ilé kejì tó ti wà ní Kánádà báyìí ló ni ín tẹ́lẹ̀. Àwọn oníbàárà mi ní kí n yí orúkọ yẹn padà sí ti Yorùbá. Mo kọ̀. Nínú gbogbo ohun tó mọ̀ tẹ́lẹ̀, orúkọ yẹn nìkan ló bá a dé ọ̀dọ̀ mi.

Nígbà tó dé, abẹ́ tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ ló sá sí. Kò jẹun, kò gbó; bí mo bá tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ báyìí, á máa gbọ̀n. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mo tẹ́ àpò ìrẹsì àti ìró àtijọ́ kan fún un, mo gbé omi sítòsí, mo sì sọ fún àwọn ọmọ àdúgbò pé ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó ní sùúrù di oṣù tó ń bọ̀. Àwọn tó mọ̀ nípa ajá máa ń sọ pé ọjọ́ mẹ́ta ni ajá tuntun fi ń wá ibi sá pamọ́ sí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń kọ́ ìṣe ilé, oṣù mẹ́ta ló fi ń gbà pé ilé òun nìyí. Kì í ṣe òfin o. Òmíràn á yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, òmíràn á sì pẹ́. Oúnjẹ tó ń jẹ níbi tó ti wá ni kí ẹ kọ́kọ́ máa fún un, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Bí ẹ bá fẹ́ yí i padà, díẹ̀díẹ̀ ni. Egungun adìẹ tó ti jinná kò dára fún un rárá, ó máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun rẹ̀.

Bó bá tó àkókò àtijáde, ẹ má so okùn mọ́ ọrùn rẹ̀. Ariwo Yábàá àti Muṣin kò ní dúró de ajá kankan: danfó, kẹ̀kẹ́ Màrúwà, gbohùngbohùn, báńgà oṣù Kejìlá. Bí ẹ̀rù bá bà á, á fò, gbogbo agbára ìfò yẹn á sì já lé gògóńgò rẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2006 fi hàn pé bí ajá bá ń fa okùn tó wà lọ́rùn rẹ̀, ìfúnpá inú ẹyinjú rẹ̀ máa ń ga. Bí okùn náà bá wà láyà, kì í rí bẹ́ẹ̀. Háńẹ́sì ni kí ẹ wá fún un, ìyẹn okùn tó gba àyà àti ẹ̀yìn kọjá tí kì í fún ọrùn. Bẹ́líìtì ọrùn lè wà níbẹ̀, kí ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun lẹ ó máa fà.

Ẹ mú tépù kí ẹ tó mú owó. Mo rí àwọn tó ń wo lẹ́tà tí wọ́n kọ sára páálí, tí wọ́n ń ra háńẹ́sì bí ẹni ra sòkòtò láìwọ̀ ọ́ wò. Ẹ wọn ìdí ọrùn, kí ẹ sì wọn àyà yíká lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, níbi tó ti tóbi jù. Èyí tí okùn rẹ̀ gba àárín àyà sọ̀ kalẹ̀ tó sì yà sí méjì ló dára. Èyí tó gba èjìká méjèèjì kọjá ní ìbú kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ nà dáadáa. Ìka méjì ni kó lè wọ abẹ́ okùn náà níbi gbogbo. Bó bá ń há a lábẹ́ abíyá bí bùbá tí apá rẹ̀ kéré, egbò ló máa fà.

Ajá tó ń bẹ̀rù mọ ọgbọ́n kan: á fi ẹ̀yìn rìn, á sì bọ́ kúrò nínú háńẹ́sì lójú títì. Fún irú wọn, ẹ wá èyí tó ní okùn kẹta lẹ́yìn ìhà. Bí ẹ kò bá rí i rà, ẹ gbé e lọ fún télọ̀ tàbí ẹni tó ń rán báàgì. Mo fi okùn báàgì tó fẹ̀ rán ti Jack, mo rán ojú ibi tí òrùka irin wà ní ìlọ́po-ìlọ́po, torí ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń já. Ẹ yẹra fún èyí tí fóòmù rẹ̀ nípọn. Ahọ́n ni ajá fi ń tu ara, kì í làágùn bí tiwa. Ooru Èkó nínú fóòmù tó ti mu omi òjò kì í ṣe ohun tó yẹ ká gbé kọ́ ọ lọ́rùn. Bẹ́ ẹ bá ti wọlé, ẹ bọ́ ọ, kí ẹ sì wo abẹ́ abíyá rẹ̀ bóyá egbò tàbí eégbọn wà níbẹ̀. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ máa mú un jáde. Bí ẹ̀yìn ọwọ́ yín kò bá lè dúró lórí ọ̀dà títì, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ náà kò lè dúró níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ni kí ìrìn àkọ́kọ́ tó jìnnà já sí. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣàyàn. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe sọ, nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún, ọ̀dọ̀ ajá ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ti ń kó o. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára ènìyàn, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Bí ajá bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ó tún ń dùn mí bí a ṣe ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ajá ìbílẹ̀, tí a ń pè é ní Bíńgò lásán, tí a wá ń náwó lórí èyí onírun gígùn tó ń mí hẹlẹhẹlẹ nínú oòrùn Muṣin. Ní 2018, àwọn onímọ̀ gbé ìwádìí jáde lórí àbùdá ajá ìbílẹ̀ ilẹ̀ wa, wọ́n sì rí àmì pé ara wọn ti kọ́ bí a ti ń bá kòkòrò àrùn ilẹ̀ olóoru jà. Ajá tí ilẹ̀ yìí ti tọ́ nìyẹn. Òun ló yẹ kí a kọ́kọ́ máa gbà sílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí òkè òkun, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa gba ajá yín láti ọjọ́ tí físà bá ti jáde, kì í ṣe ní alẹ́ tí ẹ ń lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Ẹ fún onítọ̀hún ní káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ àti aṣọ tó ti ń sùn lé. Bó bá sì ti gé ọmọ ẹnìkan jẹ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pamọ́, ẹ sọ fún un.