Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà: Ẹ Béèrè Ìran Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Gba Orúkọ Rẹ̀ Gbọ́

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà lókè Ọya, ní Kánò, ní Kàdúná, ní Jọ́ọ̀sì àti ní Màídúgùrì, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ń fi kọ̀ǹpútà orí tábìlì jẹun. Àwọn kan ń tẹ ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́, àwọn mìíràn ń ṣe káàdì ìgbéyàwó, àwọn mìíràn sì ń to àwòrán ayẹyẹ. Bí ẹ̀rọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń wọ́ bí ìgbín, oníbàárà kò ní dúró. Ìsọ̀ kejì ni yóò gbà lọ. Nítorí náà ni mo fi rí i pé ọ̀rọ̀ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní prósẹ́sọ̀, tó ohun tí a ń jíròrò lé lórí. (Ọ̀rọ̀ náà “ọpọlọ” kò tilẹ̀ bá a mu tán, nítorí ọpọlọ a máa rántí nǹkan, ṣùgbọ́n prósẹ́sọ̀ kì í rántí ohunkóhun bí iná bá ti lọ.)

Àṣà kan ti gbilẹ̀ lọ́jà. Bí ènìyàn bá béèrè ẹ̀rọ tí ó dára, ohun tí olùtajà yóò kọ́kọ́ sọ ni pé, “i7 ni èyí o!” Orúkọ náà a sì dùn létí oníbàárà débi pé kò ní béèrè ọdún tí wọ́n ṣe é. Lójú tèmi, àìbéèrè yìí ni ó ń mú kí àwọn ènìyàn wa fi owó ra ìyọnu.

Ẹ jẹ́ kí a fi méjì wé ara wọn. Ní ọdún 2011 ni ilé-iṣẹ́ Intel gbé Core i7-2600 jáde. Ní ọdún 2022 ni Core i3-12100 dé. Kọ́ọ̀ mẹ́rin mẹ́rin, èyí tí í ṣe òṣìṣẹ́ inú rẹ̀, ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tí ó bá fi orúkọ ṣe ìdájọ́ yóò ní i7 ni ẹ̀gbọ́n. Síbẹ̀, bí a bá gbé iṣẹ́ kan ṣoṣo lé kọ́ọ̀ kan lọ́wọ́, ti ọdún 2022 fẹ́rẹ̀ẹ́ yára ní ìlọ́po méjì ju ti ọdún 2011 lọ. Ní ti iná, wáàtì 95 ni Intel kọ fún i7 náà. 60 ni ó kọ fún i3, bí ó tilẹ̀ lè gòkè dé 89 nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tí ó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́, pàápàá láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọdún 2023, kò nílò àlàyé mi lórí èyí.

Ìran prósẹ́sọ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé orúkọ náà: 2600 jẹ́ ìran kejì, 8400 jẹ́ ìran kẹjọ, 12100 jẹ́ ìran kejìlá. Láti ìran kẹjọ sókè ni Microsoft fọwọ́ sí fún Windows 11 lára àwọn ti Intel. Ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10 sì ti parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, àyàfi fún àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò. Àwọn olùtajà kan mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ti Windows 11 wọ inú ẹ̀rọ ìran kejì. Ó lè ṣiṣẹ́ lónìí, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣe ìlérí kankan fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

N kò sọ pé kí a kó gbogbo tòkunbọ̀ dà sí ààtàn. Prósẹ́sọ̀ kì í tètè bàjẹ́. Mọ́dábọ́ọ̀dù tí ó jókòó lé ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ kú. Ẹni tí ó ti ní i3-2100, tí mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣì le, lè fi owó kékeré ra i7-2600 tòkunbọ̀ rọ́pò rẹ̀, nítorí ìjókòó kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò. Kò sì ní pààrọ̀ ráàmù. Bí ó bá sì fẹ́ lo Linux, ọ̀rọ̀ Windows kò kàn án. Ọgbọ́n ni irú rírà bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ń bá wí. Bí ó bá ra ti ọdún 2011, mọ́dábọ́ọ̀dù arúgbó ni yóò bá a wá, ráàmù rẹ̀ kò sì ní wúlò fún un lọ́jọ́ tí ó bá fẹ́ gòkè sí tuntun. Bí agbára rẹ̀ bá ká tuntun, kí ó ra i3 tuntun láìtijú. Bí kò bá ká a, i5-8400 tí ó jáde ní ọdún 2017, tí ó ní kọ́ọ̀ mẹ́fà, ni èmi yóò gbà á nímọ̀ràn láti wá ní tòkunbọ̀.

Kí ó sì ṣọ́ra fún lẹ́tà F. Prósẹ́sọ̀ tí a kọ i3-12100F sí lára kò lè gbé àwòrán sójú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Àfi kí ènìyàn tún ra káàdì àwòrán. Ẹni tí ń gbé ní Ìkẹjà lè padà lọ bá ẹni tí ó tà á fún un lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ń rán àbúrò yín lọ rà á ní Èkó kí ó fi mọ́tò ránṣẹ́ sí Màídúgùrì, ẹ sọ fún un kí ó ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà lójú rẹ̀, kí ó rí àwòrán, kí ó sì ka nọ́ńbà náà fún yín lórí fóònù kí ó tó sanwó.