Ìkòkò ẹ̀wà tó dáa, inú àpò ló ti ń bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ni mo gbé dé lọ́sẹ̀ yìí o. Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ẹ́ sọ nípa ẹ̀wà, àbí ta ni kò mọ ẹ̀wà sè. Ẹ fara balẹ̀ ná, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ju pé ka bu omi sí ìkòkò ká dáná sábẹ́ ẹ̀ lọ.

Ìgbà kan wà táwọn èèyàn ń pe ẹ̀wà lóúnjẹ tálákà. Ẹni tó bá fi pè é bẹ́ẹ̀ lónìí, ó ti pẹ́ tó ti lọ sọ́jà ni. Nínú ìṣirò tí àjọ NBS gbé jáde, kílò kan ẹ̀wà pupa tí wọ́n ń tà ní bíi 733 náírà lóṣù Kẹwàá, ọdún 2023, ti di bíi 2,800 náírà nígbà tó máa fi di oṣù Kẹwàá, ọdún 2024. Láàárín ọdún kan péré, ó kù díẹ̀ kó di ìlọ́po mẹ́rin! Lóòótọ́, owó ẹ̀ ti wálẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn, àmọ́ ojú ti là. Ẹni tó bá náwó lórí ẹ̀wà, ó yẹ kó mọ ohun tó gbé kaná gan-an. Ohun tí mo sì fẹ́ẹ́ sọ gan-an nìyẹn: kì í ṣe orí iná ni ẹ̀wà ti ń dáa tàbí tó ti ń bàjẹ́. Inú àpò ni.

Ẹ wò ó, lágbègbè wa níbí, láti Ìdó dé Ọyẹ́, láti Ọyẹ́ dé Ìkọ̀lé títí lọ dé Ọmùò, iyán lọba. Ẹni tó bá ń jẹ iyán lọ́dọ̀ wa, ó ṣeé ṣe kó mọ oko tí wọ́n ti wa iṣu náà, kó mọ ẹni tó kọ ebè ẹ̀. Bó bá korò, ó mọ ẹni tó máa lọ bá. Ẹ̀wà kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà wa máa ń gbin erèé àti òtílí díẹ̀díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀wà tó ń wọ ọjà wa, òkè Ọya ló ti ń wá. Ó lè jẹ́ Borno, ó lè jẹ́ Kano, ó lè jẹ́ Gombe. Ọkọ̀ á gbé e gba Lọ́kọ́ja àti Kábà wọ Ọmùò kó tó dé Ìkọ̀lé. Kó tó dénú kóńgò ìyá ẹlẹ́wà, àgbẹ̀ ti fọwọ́ kàn án, ẹni tó rà á lóko ti fọwọ́ kàn án, alágbàtà ti fọwọ́ kàn án, ẹni tó ní sitọ́ọ̀ náà ti fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló sì ń ba gbogbo wọn. Ẹ̀rù kòkòrò ni.

Kòkòrò yìí, ẹ má fojú kékeré wò ó. Kì í ṣe sitọ́ọ̀ nìkan ló ti ń wá, látoko ló ti ń tẹ̀lé ẹ̀wà bọ̀. Á yé ẹyin sára hóró ẹ̀wà, ọmọ á pa, á gbẹ́ ihò wọnú hóró náà, ibẹ̀ lá ti máa jẹun títí táá fi dàgbà, kó tó wá ṣí ihò roboto jáde síta. Ẹ wá gbọ́ eléyìí o: kòkòrò tẹ́ ẹ ń rí tó ń rìn kiri nínú àpò, tẹ́ ẹ ń ṣẹ́ èpè fún, òun gan-an kò jẹ ẹ̀wà mọ́. Ọmọ tẹ́ ẹ ò rí, tó wà nínú hóró, ló ń jẹ ẹ́. Láàárín nǹkan bí oṣù kan, ìran tuntun á ti jáde, abo kan ṣoṣo sì lè yé ẹyin tó sún mọ́ ọgọ́rùn-ún. Kí ẹ wá ṣírò ẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Ẹni tó fi owó àjọ ra àpò ẹ̀wà mẹ́wàá, tó wá ṣí sitọ́ọ̀ tó bá ìyẹ̀fun àti ihò, ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ọkàn ẹ̀ á ṣe rí.

Ibẹ̀ layé ti ń bàjẹ́. Dípò kí àwọn kan wá ọ̀nà tó dáa, ìgò ni wọ́n máa gbé. Òtapíapíá, Sniper, orúkọ yòówù kí wọ́n máa pè é, oògùn tí wọ́n ń pè ní dichlorvos ló wà nínú ẹ̀. Oògùn kòkòrò inú oko ni, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Lọ́dún 2019, àjọ NAFDAC ní kí wọ́n yéé ta ìgò kékeré ẹ̀, ti 100ml, nítorí báwọn èèyàn ṣe ń lò ó nílòkulò, bẹ́ẹ̀ làwọn kan sì ń fi gbẹ̀mí ara wọn.

Ti òkè òkun ló tún ṣeni ní kàyéfì. Oṣù Kẹfà, ọdún 2015, ni àjọ EU ti ilẹ̀ Yúróòpù sọ pé àwọn ò gba ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà mọ́. Wọ́n ní àwọn yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn sì bá dichlorvos tó tó mílígíráàmù 0.03 sí 4.6 nínú kílò kan, nígbà tó jẹ́ pé 0.01 péré lòfin wọn fàyè gbà. Ọdún kan ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, wọ́n tún fi kún un, wọ́n tún fi kún un. Ẹ ò rí nǹkan! Òyìnbó ní ẹni tó ń bá a yẹ ẹ̀wà wò lẹ́bùúté. Èmi àti ẹ̀yin tá à ń fi kóńgò rà á lọ́jà, ta ló ń bá wa yẹ tiwa wò?

Mi ò sọ pé gbogbo àwọn ìyá ẹlẹ́wà ló ń ṣe é o. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí wọ́n ṣe rà á ni wọ́n ṣe ń tà á, ilé tiwọn náà ni wọ́n sì ti ń sè é jẹ. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè fi ojú lásán mọ ẹ̀wà olóògùn. Àwọn kan ń sọ pé ẹ̀wà tó bá ti ní kòkòrò lẹ́ni máa rà, pé èyí tó bá mọ́ roro ni wọ́n ti foògùn pa lára. Ọ̀rọ̀ náà ò fi gbogbo ara rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wà lè mọ́ nítorí pé wọ́n tọ́jú ẹ̀ dáadáa, kòkòrò sì lè padà wọ èyí tí wọ́n ti foògùn sí tẹ́lẹ̀. Fífọ̀ àti sísè máa ń dín oògùn náà kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè dúró nídìí ààrò kó sọ iye tó kù síbẹ̀.

Kí wá ni ṣíṣe? Àkọ́kọ́, ẹ ní oníbàárà kan pàtó, kẹ́ ẹ sì máa bi í léèrè. “Màmá, ẹ kú ọjà o. Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo lẹ ṣe ń tọ́jú ẹ̀wà yín tí kòkòrò kì í fi í jẹ ẹ́?” Kò sí ìbínú níbẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé àwọn oníbàárà òun á máa béèrè, á máa ṣọ́ra ṣe. Ẹ bu díẹ̀ sọ́wọ́, kẹ́ ẹ gbóòórùn ẹ̀. Bó bá ń rùn bí oògùn, ẹ dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kẹ́ ẹ máa lọ.

Èkejì ló dùn mọ́ mi jù, nítorí ó ń fowó pa mọ́. Ẹ ra ẹ̀wà nígbà tí tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé láti òkè Ọya, lọ́wọ́ ìparí ọdún, tó máa ń dínwó, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ fúnra yín. Ẹ̀yin olùkọ́ ní Ìkọ̀lé, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ní Ìdó, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ọyẹ́ tẹ́ ẹ jọ ń gbé ilé kan náà, mẹ́rin márùn-ún lè dáwó jọ ra àpò kan, kí wọ́n pín in. Kòkòrò gbọ́dọ̀ mí kó tó lè wà láàyè. Bí ẹ bá gba afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó parí fún un nìyẹn. Orí ọgbọ́n yìí làwọn onímọ̀ yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà dúró lé nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Cameroon láwọn ọdún 1980, tí wọ́n fi ṣe àpò tí wọ́n ń pè ní PICS: ọ̀rá méjì ninu, àpò sàkì kan níta, tí wọ́n á so ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pinpin.

Bí ẹ ò bá rí àpò ọ̀hún, kẹ́ẹ̀gì oníke tó gbẹ dáadáa, tí kò jò, tí ọmọrí ẹ̀ ń dé pinpin, á ṣe é. Àmọ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n ti rọ epo mọ́tò tàbí oògùn oko sí rí o! Ẹ sá ẹ̀wà náà kó gbẹ dénú, kẹ́ ẹ gbé e kó tutù, kẹ́ ẹ wá rọ ọ́ kún dé ẹnu. Àyè tó bá ṣófo, afẹ́fẹ́ ló máa gbé ibẹ̀. Ẹ dé e, ẹ má sì ṣí i fún oṣù kan àtààbọ̀, ó kéré tán. Kékeré lòpọ̀ ìgò dára jù, kó lè jẹ́ pé èyí tẹ́ ẹ bá ṣí lẹ máa sè tán. Ẹ ò náwó oògùn, ẹ ò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Ní ti àwọn tó ń ju tábúlẹ́ẹ̀tì oògùn sínú àpò ẹ̀wà nínú yàrá tí ọmọ ń sùn, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ yéé ṣe bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára ẹ̀ ń pààyàn.

Ó wá ku iná. Ẹ da ẹ̀wà sórí àtẹ, kẹ́ ẹ ṣa òkúta àti èyí tó ti jẹ kúrò, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta. Bí àyè bá wà, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kẹ́ ẹ da omi náà nù. Bí kò bá sáyè, ẹ bọ̀ ọ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ da omi àkọ́kọ́ nù, kẹ́ ẹ bu òmíràn sí i. Ṣúgà kan wà nínú ẹ̀wà tí ikùn èèyàn ò lè dà, omi yẹn ló sì ń bá díẹ̀ nínú ẹ̀ lọ. Ẹni tó jẹ ẹ̀wà lálẹ́ Sunday tó wọ bọ́ọ̀sì Adó láàárọ̀ Monday, ó mọ ohun tí mò ń wí, àwọn tó jókòó tì í sì mọ̀ jù ú lọ.

Kán-ún ńkọ́? Ó ń jẹ́ kó tètè rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó ń ba fítámì B1 inú ẹ̀wà jẹ́, sodium sì wà nínú ẹ̀, ìyẹn ò sì dáa fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀wà tẹ́ ẹ bá ti rẹ mọ́jú kì í béèrè kán-ún. Bó bá ṣì le bí òkúta lẹ́yìn wákàtí méjì, ó ti pẹ́ jù ní sitọ́ọ̀ ni, ẹ má bá iná jà.

Ẹ gé àlùbọ́sà sí i látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rọ̀ kẹ́ ẹ tó da tòmátì sí i, nítorí kíkan ẹ̀ kì í jẹ́ kó tètè rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi iṣu sí i, àwa ará Èkìtì kúkú nìyẹn, ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná kí iṣu tó wọlé, torí iṣu ló máa ń tètè jinná. Ata, epo pupa, edé àti ẹja gbígbẹ ló máa kẹ́yìn. Ẹ rẹ iná wálẹ̀, kó máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nínú 100 gíráàmù ẹ̀wà gbígbẹ, bíi 23 ló jẹ́ èròjà tó ń mú ara dàgbà. Ilé tí owó ẹran ò sí, kí ìkòkò ẹ̀wà má ṣaláì sí níbẹ̀.

Bó bá ṣẹ́kù, ẹ má jẹ́ kó sùn síta. Ẹ gbé e sí fíríìjì, bí kò bá sí iná, ẹ gbé e kaná lálẹ́ kó hó dáadáa, kẹ́ ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ láàárọ̀. Èyí tó bá ti kan, tó ń hó fóòmù, ẹ dà á nù, ẹ má wo owó ẹ̀.

Ọ̀kan péré ló kù. Bí ẹni tó jẹ ẹ̀wà bá bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tí itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀, tí òógùn bò ó, tí kò lè mí délẹ̀, epo pupa kọ́ ni ẹ máa rọ sí i lẹ́nu o. Ilé ìwòsàn ni, kíákíá. Fún àwa tá a wà lápá ibí, ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó. Ẹ mú díẹ̀ dání nínú ẹ̀wà náà, kí dókítà lè mọ ohun tó ń bá jà.

Ìyá ẹlẹ́wà fẹ́ẹ́ jèrè, àwa náà fẹ́ẹ́ yó, kò sì yẹ kí ọ̀kan pa èkejì lára. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó rà, ẹ dé kẹ́ẹ̀gì yín pinpin, ẹ fara balẹ̀ sè é. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.