Ta Ló Ní Kí Ọlọ́kọ̀ Má Fọwọ́ Kan Ọkọ̀ Rẹ̀?

Wọ́n tún ti sọ ọ́. Níbi ìkómọ kan ní Bàsírì, Adó-Èkìtì, ọkùnrin kan nu ọbẹ̀ lẹ́nu, ó ní: “Ọkọ̀ kì í ṣe ohun tí olówó rẹ̀ ń tú fúnra rẹ̀. Bí o bá dán an wò, ìlọ́po méjì owó tí o fẹ́ ṣọ́ ni wàá fi tún un ṣe.” Gbogbo tábìlì kan sáárá sí i. Mo ti gbọ́ ọ ní Ìjìgbò, mo ti gbọ́ ọ ní Òkèyìnmi, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹni tó bá tún sọ ọ́ sí mi létí, ìwé yìí ni n ó nà sí i.

Kí ni ẹ̀rí wọn? Wọ́n ní mẹkáníìkì kọ́ṣẹ́, àwa kò kọ́ ọ. Ó parí.

Ìyókù kì í ṣe ẹ̀rí rárá. Wọ́n ní ahun ló ń tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe: láti May 29, 2023 tí Ààrẹ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ta ni kò di ahun? Wọ́n ní ó ń dọ̀tí: ọṣẹ kò wọ́n ní Ọjà Ọba. Wọ́n ní à ń gba oúnjẹ lẹ́nu mẹkáníìkì: kí wọ́n fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ jíà àti bírékì ń dúró dè é.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ẹni tó kọ́ṣẹ́ náà. Ẹ wa ọkọ̀ tó ń gbóná lọ bá a. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa kọ́kọ́ ṣe ni pé kí wọ́n yọ tómósítáátì, kí wọ́n sọ ọ́ nù. “Ọ̀gá, nítorí òtútù ìlú òyìnbó ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Ooru tiwa kò nílò rẹ̀.”

Irọ́! Irọ́ gbuu! Ẹ bi àwọn Alhaji wa bí oòrùn Mẹ́kà ṣe ń ta. Ó ń kọjá 40°C. Tómósítáátì wà nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn káàkiri níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó yọ ọ́.

Tómósítáátì kò mọ ojú ọjọ́, omi inú ẹ́ńjìnnì ló mọ̀. Ìda wà nínú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, bí omi bá ti gbóná dé nǹkan bí 82°C, ìda náà á yọ́, á wú, á ti ilẹ̀kùn kékeré kan ṣí, omi á sì ráyè kọjá sí rádíétọ̀ lọ tutù. Kó tó dìgbà náà, ilẹ̀kùn wà ní títì, kí ẹ́ńjìnnì lè tètè gbóná. Bẹ́ẹ̀ ni, ó gbọ́dọ̀ gbóná! Bí kò bá gbóná tó, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, á máa fún un ní bẹntiróòlù ju bó ṣe yẹ lọ. Omi tó sẹ̀ sínú ọ́ìlì kò ní rí ooru tó máa gbẹ ẹ́, irin á wá máa jẹ irin. Ẹ ó máa ra epo kún epo láti Adó dé Ìfàkì, ẹ ó ní ìjọba ló fà á. Ìjọba mọ̀ nípa rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tómósítáátì tó wà lórí àkìtàn mẹkáníìkì náà mọ̀ nípa rẹ̀.

Wọ́n á ní, “Ṣebí ooru náà lọ?” Ó lọ, nítorí omi ń ṣàn láìdúró. Ṣùgbọ́n rádíétọ̀ tí omi kànga mú dógùn-ún ṣì dí, fáànù tó kú kò tíì jí. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà bá gbẹ́rù gun òkè Ẹ̀fọ̀n lọ́sàn-án gangan, ooru á padà, gásíkẹ́ẹ̀tì á jó. Ọ̀dọ̀ ta lẹ ó gbé e lọ? Ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́ṣẹ́! Á so fáànù ní dáírẹ́ẹ̀tì, kó máa yí láìdúró, á sì gbowó lẹ́ẹ̀kejì.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá tómósítáátì yín ti kú? Ẹ gbé omi kaná nínú ìkòkò tí ẹ kò fi se oúnjẹ mọ́, ẹ jù ú sínú rẹ̀. Bó bá wà ní títì kó tó gbóná, tó sì là kí omi tó hó, kò tíì kú. Bómi bá hó tí kò là, ẹ ra òmíràn. Èwo ló gba ọdún mẹ́ta ìkọ́ṣẹ́ níbẹ̀? A wá ń fọ́nnu ní Èkìtì pé kò sí agboolé tí kò ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ ní kí ọ̀jọ̀gbọ́n fi géèjì ọ́ìlì ọkọ̀ rẹ̀ hàn yín, kẹ́ ẹ wá wo bí yóò ṣe máa fọwọ́ tálẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì.

Ohun tó yẹ kò fara sin. Láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó jí, ẹ wo ọ́ìlì, ẹ wo omi. Kúláǹtì ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe omi kànga. Ẹ má sì ṣí ìdérí rádíétọ̀ tó gbóná láé. Ẹ gbọn eruku inú fíltà afẹ́fẹ́. Ẹ fọ orí bátìrì. Ẹ ra ọ́ìlì fúnra yín, kẹ́ ẹ yí i fúnra yín, kẹ́ ẹ lè mọ ohun tó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Èyí tó bá ju agbára yín lọ, ẹ gbé e fún mẹkáníìkì, kẹ́ ẹ sì dúró tì í.

Lọ́la, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣí i, ẹ bi ọmọ yín tó ń jí ọkọ̀ náà wà nígbà tẹ́ ẹ bá sùn.