Orúkọ Ẹ̀pà Lára Ohun Tí Kò Sí Nínú Ẹ̀pà

Ní àsìkò ọyẹ́, epo pupa a máa dì nínú kẹ́ẹ̀gì ní ọjà Bódìjà, ṣùgbọ́n òróró ẹ̀pà tí ó wà nínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í dì. Kò sí ìyálọ́jà tí kò mọ èyí. Ìdí rẹ̀ ni àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì ní láti fún ní orúkọ tí kò ní ṣi ènìyàn lọ́nà.

Ibi tí kábọ́ọ̀nù méjì bá ti fi ìdè méjì so mọ́ ara wọn nínú òróró, ẹ̀wọ̀n kábọ́ọ̀nù náà a máa tẹ̀. Ẹ̀wọ̀n tí ó tẹ̀ kò lè tò mọ́ra tímọ́tímọ́, nítorí náà òróró kò tètè dì. Ẹni tí ó bá tú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní olówuuru yóò pe irú ásíìdì ọ̀rá bẹ́ẹ̀ ní ‘aláìkún’. Ta ni yóò fẹ́ jẹ ohun tí kò kún? Háídírójìn ni kò kún un, kì í ṣe oore. ‘Ọlọ́pọ̀ ìdè ìbejì’ sàn jù, nítorí ó sọ ohun tí ó wà níbẹ̀.

Ti ásíìdì arákídónìkì ni ó le jù. Ó ní kábọ́ọ̀nù 20 àti ìdè ìbejì 4. Láti ara Arachis, orúkọ tí àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn fún ẹ̀pà, ni orúkọ rẹ̀ ti wá, nípasẹ̀ ásíìdì arákídìkì tí kò ní ìdè ìbejì kankan, tí díẹ̀ rẹ̀ sì wà nínú òróró ẹ̀pà. Arákídónìkì fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Inú ẹyin àti ẹran ni ó wà; ara ènìyàn sì lè fi ásíìdì línólíìkì, èyí tí òróró ẹ̀pà ní dáadáa, ṣe é. Ẹni tí ó bá pè é ní ‘ásíìdì ẹ̀pà’ kí Yorùbá lè dùn létí, irọ́ ni ó kọ́ ọmọ.

Irọ́ náà kì í ṣe kékeré. Ásíìdì yìí wà nínú awọ sẹ́ẹ̀lì, pàápàá ti ọpọlọ, ó sì wà nínú omi ọyàn. Òun ni ara fi ń ṣe àwọn prostaglandin tí ń dá kún ibà, ìrora àti ara wíwú. Ní 1971, John Vane fi hàn pé asipirín a máa dí iṣẹ́ yìí lọ́wọ́. Ní 1982, òun, Sune Bergström àti Bengt Samuelsson jọ gba ẹ̀bùn Nobel. Akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó tí ó ń ra asipirín ní Dùgbẹ̀ yẹ kí ó lè fi Yorùbá ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, láìjẹ́ pé ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí sá fún ẹ̀pà.

Kí arákídónìkì máa jẹ́ arákídónìkì, bí àjèjì tí ó pa orúkọ rẹ̀ mọ́. Ìdè ìbejì ni kí wọn fi Yorùbá pè, nítorí òun ni ó ń ṣiṣẹ́.