Kẹ́ ẹ tó ra sólà fún van yín, ẹ ra ṣájà gidi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ sọ van dilé nílùú ọba níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi kẹ́ ẹ tó náwó.

Bátìrì kejì ló ń gbé fíríìjì àti iná inú ọkọ̀. Èmi ra relay olówó pọ́ọ́kú, èyí tó kàn ń so bátìrì méjèèjì pọ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́. Mo wakọ̀ fún wákàtí mẹ́rin gbáko. Ìgbà tí mo máa débẹ̀, fíríìjì ti kú, ẹja tútù mi ti ń rùn. Inú bí mi o!

Àṣé alternator àwọn ọkọ̀ Euro 6 gbọ́n jù mí lọ. Tó bá ti rí i pé bátìrì ẹ́ńjìnnì ti yó, á rọra dín iná kù, torí àtifi epo pamọ́. Bátìrì lithium sì ń fẹ́ bíi 14.4 volt kó tó kún. Níbo ló ti fẹ́ rí i?

Ṣájà DC-DC ló máa ń gbé iná yẹn sókè dé ibi tí bátìrì ń fẹ́. Ó wọ́n ju relay lọ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n 30A máa kún bátìrì 100Ah láàárín bíi wákàtí mẹ́rin.

Ẹ ní sólà ńkọ́? Ó dáa nígbà ooru. Ní Dìsẹ́ńbà, ojúmọ́ London ò tó wákàtí mẹ́jọ, ìkùukùu á tún bò ó. Èkó kọ́ nìyí.

Lithium ò sì gbọdọ̀ gba ṣájì tí òtútù ẹ̀ bá ti wọ ìsàlẹ̀ 0°C. Ẹ ra èyí tó ń dá iná dúró fúnra ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì fi fíúsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì méjèèjì. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ má wulẹ̀ fi í, ẹ bi í ṣé òun ló fẹ́ sùn nínú ẹ̀.